Lẹ́tà sí ọmọ àbúrò mi tó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ mọ́

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú òtútù. Ṣé dáadáa ni ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ wà? Àwa náà wà ní àlàáfíà ní Ìbàdàn níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp tán. Nígbà tí ilé dákẹ́ lálẹ́, mo tún un gbọ́. O ní láti ìsinsìnyí lọ, ọkọ rẹ, ọmọ rẹ àti iṣẹ́ rẹ nìkan ni o mọ̀, pé o ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Àwọn méjì ni o dárúkọ. Ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ lọ sáàárín àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín. Èkejì, ẹni tí o ra aṣọ ẹbí rẹ̀, tí o tún ń bá tọ́jú ọmọ nígbà tó ń kàwé fún ìdánwò, kò pè ọ́ rárá nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó dùn mí dọ́kàn. N kò ní sọ fún ọ pé kò yẹ kó dùn ọ́.

Bàbá rẹ ní kí n pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ yìí gba kí èèyàn jókòó kọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rẹ́, inú orin àti ewì ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, n kò sì lè fi ìkánjú sọ ọ́.

Kí wọ́n tó bí bàbá rẹ, asọ̀rọ̀mágbèsì wà lára ògiri pálọ̀ wa. Àpótí kékeré kan ni, wáyà ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀, kò sì síbi tí èèyàn ti lè yí i sí ètò mìíràn. Ohun tí wọ́n bá fún wa náà la ń gbọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí mo bá ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó yá tí àwọn akéwì wa gba orí afẹ́fẹ́, Adébáyọ̀ Fálétí, Ọlátúnbọ̀sún Ọládàpọ̀, Ọlánrewájú Adépọ̀jù, kò sẹ́ni tó lè rán mi níṣẹ́ tí ètò wọn bá ń lọ lọ́wọ́. Fálétí lọ ní 2017. Nígbà tí Adépọ̀jù náà kú ní oṣù Kejìlá 2023, mo sunkún bí ẹni tí ẹbí rẹ̀ kú, bẹ́ẹ̀ n kò bá a jókòó rí. Ohùn tí èèyàn bá gbọ́ dàgbà ti di ará ilé onítọ̀hún.

Àmọ́ orin ló fún mi ní ọ̀rẹ́. Ìwọ mọ Màmá Ìsẹ́yìn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ la ti pàdé, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló tẹ̀lé tèmi. Tí wọ́n bá ti pa iná, yóò bẹ̀rẹ̀ rárà ìyàwó ní ohùn ìsàlẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọge ìlú wọn máa ń sun nígbà tí wọ́n bá ń dágbére fún ìyá àti bàbá. Òun ló ń lé, èmi ló ń gbe é. Láìpẹ́ mo ti mọ ibi tí ohùn rẹ̀ yóò ti gbọ̀n, mo mọ ibi tí yóò ti sinmi, mo sì ti mọ̀ láìjẹ́ pé ó sọ ọ́ pé tó bá ti ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ nínú rárà náà, ilé ló ń rò.

Bá mi gbé àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá kan sí i, olórin àpàlà tí a ń pè ní Bàbá Gàní Àgbà, kí o má fetí sí òun fúnra rẹ̀. Àwọn elégbè ni kí o gbọ́. Ìjókòó ni Hárúnà máa ń wà tó bá ń kọrin, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ á sì yí i ká, tàwọn ti agídìgbo, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti ìlù tó ń fọhùn. Kò lo gìtá, kò lo dùùrù. Tó bá ń pa òwe lọ, àwọn elégbè kò ní já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó tú u kalẹ̀ tán, ibi tó bá ti ń mí ni wọ́n á ti gbà á. Elégbè tí kò bá mọ ibi tí olórin ti ń mí, orin ló ń bà jẹ́, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó. Ọ̀rẹ́ tèmi, Àjọkẹ́, ẹni tó mọ ibi tí mo ti ń mí ni.

Ní 1971, Hárúnà yìí kan náà ṣe àwo kan fún Òrọ̀kí Social Club ní Òṣogbo. Ó wà lára àwọn àwo rẹ̀ tó tà jù lọ. Mo máa ń rò ó pé ìdí tí irú orin bẹ́ẹ̀ fi wà láyé ni pé àwọn èèyàn kan ní ìlú kan fẹ́ràn láti máa péjọ, wọ́n sì fẹ́ kí ayé gbọ́ pé àwọn jọ wà. Gbọ́ àpàlà, gbọ́ sákárà, gbọ́ jùjú àtijọ́, orúkọ ló kún inú wọn: awakọ̀, mẹkáníìkì, oníṣòwò aṣọ, ìyá aláta. Kò sí ìwé ìtàn tó dárúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Inú àwo ni wọ́n wà. Kí olórin sì tó lè kì wọ́n, ó ti bèèrè ná. Ó ti mọ ìyá tó bí wọn, ọmọ tí wọ́n fi ń pè wọ́n, àdúgbò tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ẹni tí wọ́n jọ ń rìn. Mo mọ̀ pé owó wà nínú rẹ̀, olórin ní láti jẹun. Síbẹ̀, ìbéèrè yẹn ló ń bí orin. Lónìí, à ń fi fọ́tò ara wa sórí Facebook lójoojúmọ́, ẹni tí a sì gbé fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀, a kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò tíì sọ fún ọ rí. Nígbà tí Màmá Ìsẹ́yìn lọ́kọ, Kàdúná ni iṣẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà náà. Lẹ́tà ń sọnù lọ́nà, ọmọ ń pọ̀ nílẹ̀, iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Ọdún á jálẹ̀, n kò ní gbúròó rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ sọ fún mi pé ó ti di ọlọ́rọ̀, pé kò rántí wa mọ́. Nígbà tí ọkọ mi papò dà, àwọn èèyàn kún ilé, gbogbo wọn ní kí n mú un mọ́ra. Ọ̀rẹ́ mi wọlé pẹ̀lú eruku ọ̀nà lára, kò sọ pé kí n mú nǹkan kan mọ́ra. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó gbé ohùn sókè, ó ń ki ọkọ mi.

Ọmọ Òpómúléró ni ọkọ mi, ìran tí oríkì wọn kún fún ọ̀rọ̀ aṣọ. Ó ń kì í lọ, ó ń kì í bọ̀. Àwọn ẹbí ọkọ mi gan-an ń wojú ara wọn, nítorí ó mọ èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ilé kò mọ̀. Ta ló kọ́ ọ? Ìyá ọkọ mi ni. Nígbà tí mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́ tí ó wá bá wa ṣe ìkómọ, ó jókòó ti ìyá lẹ́yìn ilé, ó ní, “Ẹ sọ ọ́ fún mi, Màmá, kí n lè mọ ẹni tó fẹ́ ọ̀rẹ́ mi.” Ó gbé e sínú fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò mọ ọjọ́ tí òun yóò lò ó. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ó dákẹ́, oríkì ọkọ mi ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. N kò tíì rí ẹ̀bùn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

O máa sọ pé, “Àǹtí, ẹni tó tú mi láṣìírí ńkọ́?” Òótọ́ ni. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani, àwa olólùfẹ́ àpàlà sì mọ̀ ọ́n ju ẹlòmíràn lọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1980, ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ alùpùpù kan dá ìjà sílẹ̀ láàárín Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, àti ọkùnrin kan tó ti jẹ́ mánẹ́jà rẹ̀ rí. Ọkùnrin náà fi ife lù ú lórí, Àyìnlá sì kú. Bí àlá ló rí létí wa. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀tá láti ìlú mìíràn. Ẹni tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n gbé àwo Àyìnlá sí i lónìí. Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn rẹ̀? Ìlù Adéwọlé Aláó ni, tí gbogbo wa mọ̀ sí Oníluọlá. Kò síbi tí Àyìnlá gbà tí ìlù yẹn kò bá a dé. Yóò sọ gbólóhùn kan, ìlù á tún un sọ, ìlù á fi tirẹ̀ lé e, Àyìnlá á sì tún padà dá ìlù lóhùn, títí tí èèyàn kò fi ní mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Agbo kan náà ni ẹni tó pa á àti onílù yìí ti mọ̀ ọ́n. Bí a bá ní nítorí ti ẹni àkọ́kọ́, kí ọkùnrin máà ní alábàárìn, ibo la fẹ́ gbé Oníluọlá sí?

Nítorí náà, ẹni tó tú ọ láṣìírí, máa kí i tí ẹ bá pàdé, má sì fi ọ̀rọ̀ inú rẹ hàn án mọ́. Mo fara mọ́ ọ níbẹ̀ yẹn pátápátá. Àforíjì kò ní kí èèyàn tún gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá fún ẹni tó jí i lẹ́rù.

Tí ìjà bá sì jẹ́ ìjà lásán, ó ń parí. Nígbà tí àwọn olórin fújì méjì, Àyìndé Barrister àti Àyìnlá Kollington, fi àwo sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn, a gbà pé títí ayé ni. Ilé mìíràn pín sí méjì nítorí wọn. Wọ́n parí rẹ̀. Nígbà tí Barrister kú ní London ní oṣù Kejìlá 2010, Kollington wà lára àwọn tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni ti 1969, nígbà tí Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáírò pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ àwo sílẹ̀, kí àwọn olórin lè jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọ̀kan àpàlà, èkejì jùjú. Ọ̀kan Mùsùlùmí láti Ìjẹ̀bú-Igbó, èkejì ọmọ Ìjẹ̀ṣà, onígbàgbọ́ Aládùúrà. Wọ́n ì bá máa bá ara wọn du oníbàárà.

Ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, àwa kan máa ń péjọ sí pálọ̀ mi. Ìyá Ìbejì tó ń ta ẹja òkú Èkó ní Ọ̀jọ́ọ̀ máa ń wá, orí ni ó ka gbogbo wákà Bàtílì Àlàkẹ́ sí. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ń wá, sákárà Yúsúfù Ọlátúnjí ni tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé ohun èlò kan wà tó dùn ju gòjé lọ. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa náà ń wá, òun ló ń bá wa gbé orin inú àwo sórí fóònù. Olúkúlùkù á gbé orin kan tàbí ewì kan wá. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, ariwo á sọ! Ní ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì gbé wákà kan wá. Nígbà tó parí, ó ní kí a tún un gbé. Ó tún ní kí a tún un gbé. Kò sọ ìdí. Awakọ̀ wa ló sìn ín dé ọ̀nà, tó bi í pé, “Ìyá, kí ló dé?” Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ti wà ní ọsibítù láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ọjọ́ kejì, a ti wà níbẹ̀.

Nítorí èyí ni mo fi ń bẹ̀ ọ́ nípa ọ̀rẹ́ rẹ kejì, ẹni tí kò pè ọ́. O sọ ohun tí kò ṣe fún mi, o kò sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣé ara ìyá rẹ̀ le? Ṣé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣì wà? Nígbà tí o wá sílé kẹ́yìn, o sọ fún mi pé ohùn rẹ̀ ló dùn jù nínú akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ṣé ó ṣì ń kọrin? Bí ó bá ti dẹ́kun, mo fẹ́ mọ ìgbà tó dẹ́kun. Pè é. Má mẹ́nu kan iṣẹ́ rẹ, má mẹ́nu kan aṣọ ẹbí. Bi í léèrè ara rẹ̀ nìkan, kí o sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Tó bá jẹ́ pé kò rí tìrẹ rò lóòótọ́, ìwọ náà á gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀, o sì lè fi í sílẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Ọmọkùnrin onífóònù ti gbé àwọn àpàlà tí o béèrè sórí fóònù mi, mo máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ ní alẹ́ òní. Ọ̀kan wà nínú wọn tí òpin rẹ̀ ń ha díẹ̀, ara àwo ni, fóònù rẹ kò bàjẹ́. Tí o bá ti pe ọ̀rẹ́ rẹ tán, bá mi kọ orúkọ ìyá rẹ̀ àti ìlú tí wọ́n ti wá ránṣẹ́. Màmá Ìsẹ́yìn ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ bi í bóyá ó mọ oríkì wọn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fi ọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ ní Ìbàdàn