Lẹ́tà sí Dàpọ̀, tó ń ya kọ́míìkì ní Yábàá

Dàpọ̀, àbúrò mi,

Mo ti ka ojú ìwé 22 tí o fi ránṣẹ́. Ọwọ́ rẹ dán. Afárá Third Mainland nínú òjò yẹn, mi ò ní fẹnu kàn án rárá. Àrá, akọni rẹ, àti télọ̀ Ìdúmọ̀tà tó ń rán aṣọ ìjà rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì. O ní o fẹ́ kí télọ̀ náà jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ara Àrá ni ká ti bẹ̀rẹ̀: bí o bá ṣe ya àwọn ọkùnrin yòókù ni òǹkàwé ṣe máa wo télọ̀ yẹn.

Fi orí Àrá wọn ara rẹ̀. Ènìyàn lásán máa ń ga tó orí 7 àti ààbọ̀. Àwọn ayàwòrán Amẹ́ríkà máa ń fún akọni ní 8, nígbà mìíràn wọ́n á sún un dé 9. Tìrẹ ti lé ní 9, ọrùn rẹ̀ fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ, apá rẹ̀ ò sì lè kan ìhà. Ìdí nìyẹn tí ojú ìwé 6 fi dàrú: o fẹ́ kó jókòó sínú dáńfó, kò wọlé, lo bá yọ òrùlé dáńfó kúrò. Dín in kù sí 8. Tọ́jú òmìrán yẹn fún ojú ìwé kan ṣoṣo tí o bá fẹ́ kí ẹnu ya èèyàn. Lẹ́yìn náà, fi íǹkì dúdú kun gbogbo ọkùnrin inú ìtàn náà, kí ìrísí wọn nìkan kù. Bí o ò bá lè dá wọn mọ̀, ara kan ṣoṣo lo ń yà, aṣọ lo ń pààrọ̀ fún un. Lọ wo àwọn alábàárù Ìdúmọ̀tà, wo kọ́ńdọ́ tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn dáńfó. Ọrùn, ẹ̀yìn àti iṣan ẹsẹ̀ ni agbára wọn wà. Àyà wọn ò wú.

Mú bírò pupa, kí o fi sàmì sí gbogbo ibi tí ọkùnrin ti fọwọ́ kan ọkùnrin nínú ìtàn náà. Ibi 14 ni. Ẹ̀ṣẹ́ ni 13. Ìkẹrìnlá ni ìgbà tí Àrá gbé òkú télọ̀. Dàpọ̀, èwo ni Èkó nínú èyí? Ní ìlú tí ọ̀rẹ́ méjì ti ń so ìka kọ́ra wọn rìn lójú títì, tí ọkùnrin ń gbórí lé èjìká ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sùn nínú dáńfó! Gígan tí Àrá gan yẹn ní ibi tó ti wá. Lọ́dún 1954, dókítà ọpọlọ kan, Fredric Wertham, tẹ ìwé tó fi sọ pé ìgbé ayé Batman àti Robin dà bí àlá ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fẹ́ra wọn. Lọ́dún yẹn náà ni àwọn tó ń tẹ kọ́míìkì l'Ámẹ́ríkà gbé òfin kan kalẹ̀ fún ara wọn, Comics Code, tó ka irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, títí dórí ìtọ́ka lásán. Ní 1956, Batwoman dé, Batman wá ní obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́. 1989 ni wọ́n tó tú èèwọ̀ náà. Northstar, akọni kan nínú kọ́míìkì Marvel, jáde ní 1979. John Byrne tó wà lára àwọn tó dá a ti mọ̀ pé ọkùnrin ló ń fẹ́, síbẹ̀ 1992 ni Northstar tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí ọwọ́ ọkùnrin ò bá gbọ́dọ̀ kan ọkùnrin pẹ̀lú ìfẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ló kù. Ìbẹ̀rù àwọn yẹn lò ń dà yà.

Ìwọ tí o sì fún un ní àrá, ṣé o ò rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó rí ni? Ọkùnrin ni, ó ń dirun bí obìnrin, ó ń ró yẹ̀rì, ta ló jẹ́ sọ níwájú rẹ̀ pé kò gbójú? (Irun dídì ò sọ ẹni tí èèyàn ń fẹ́ o. Ọ̀tọ̀ ni ti irun, ọ̀tọ̀ ni ti ìfẹ́. O da méjèèjì pọ̀, òun ló ba télọ̀ rẹ jẹ́.)

Télọ̀ náà ń ju ọwọ́ fìrìfìrì, ó ń pa wá lẹ́rìn-ín lójú ìwé 4 àti 9, wọ́n wá pa á lójú ìwé 18 kí inú lè bí Àrá. Ẹ̀rín yẹn, Nollywood ti lò ó títí ó fi ṣá. Ikú yẹn náà kì í ṣe tuntun: wọ́n pa Northstar gan-an ní 2005, kí wọ́n tó jí i padà. Kí ni télọ̀ rẹ fẹ́ láyé tí kò kan Àrá? Kí ló mọ̀ tí ìtàn ò fi lè lọ láìsí i? Ìwà wo ló kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ rẹ̀? Jẹ́ kó jẹ gbèsè èèsú, kó máa sá fún olórí èèsú. Kó jẹ́ òun ló mọ ìdí tí aṣọ Àrá fi ń jó o lára. Kó fa fọ́nrán òwú kan yọ nínú aṣọ náà, kó ṣáná sí i: pólísítà á yọ́, á di kókó líle, ohun tó ń lẹ̀ mọ́ awọ ara nìyẹn, òwú gidi á jó di eérú, á máa rùn bí bébà. Kó wá fi òwú ṣe ìtẹ́nú. Àpótí àwòrán mẹ́rin ti tó, Àrá ò sì ní yè láìsí i.

Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù Eternals ṣe Phastos, ọ̀kan nínú àwọn akọni rẹ̀, ní 2021. Òun ló ń dá ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ní ọkọ, ó ní ọmọ. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Gulf ò jẹ́ kí wọ́n fi fíìmù náà hàn nítorí rẹ̀. Má tìtorí èyí sáré lọ sódì kejì. Midnighter àti Apollo, akọni ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fẹ́ra wọn, tí wọ́n fi Batman àti Superman ṣe àwòṣe wọn ní 1998, lágbára ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó wúlò nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí iyì ọkùnrin ò bá sí àfi kó lè fọ́ eyín èèyàn, ibi tí a wà náà la ṣì wà. (Northstar gbéyàwó ní 2012, o mọ̀? Kyle Jinadu lorúkọ ọkọ rẹ̀. Jinadu, bí ẹni ń pe ará Ìsàlẹ̀ Èkó.)

Ọ̀tá tí o fún wọn, oní-róbọ́ọ̀tì, ò já mọ́ nǹkan kan. Kító wà níbí. Ẹnìkan á ṣe bí olólùfẹ́ lórí fóònù, á pe ọmọkùnrin sí yàrá kan, àwọn yòókù á jáde sí i, wọ́n á nà án, wọ́n á ya fídíò rẹ̀, wọ́n á gba fóònù àti PIN báǹkì rẹ̀, wọ́n á ní bó bá yanu, ìyá rẹ̀ á rí fídíò náà. Kò lè dé tésàn. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2014 ti wà níbẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 fún fífi ìfẹ́ náà hàn ní gbangba. Jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún télọ̀, kó má sì kú. Kí ni Àrá fẹ́ ṣe? Á jó fóònù wọn, ẹ̀dà fídíò wà níbòmíràn. Á lu ẹnìkan, àwọn yòókù á tẹ fídíò síta. Ó di dandan kó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó gbọ́, kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kó wá bí wọ́n ṣe máa ti àkáǹtì báǹkì ọ̀rẹ́ náà pa. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ bóyá o mọ ojú ọkùnrin yà yàtọ̀ sí ojú ìbínú.

Má fi ojú ẹni gidi, orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tàbí àdúgbò rẹ̀ ya télọ̀ yìí. O lè fi ọmọ ọlọ́mọ lé kító lọ́wọ́. Kí lọ́yà kà á kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

Àti atẹ̀wé náà: ìwé tí wọ́n ká sí méjì, tí wọ́n fi wáyà gún láàrin, iye ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí 4. Bí o bá gbé 22 lọ sí Ṣómólú, 24 ni wọ́n máa tẹ̀, méjì á ṣófo. Má fi ìpolówó dí i. Yàrá télọ̀ ni kó wà níbẹ̀, fesì-mí-mo-fesì-ẹ, búrọ́ọ̀ṣì méjì nínú kọ́ọ̀bù kan, sálúbàtà méjì lẹ́nu ọ̀nà, àti aládùúgbò tó ń kí ẹnìkejì ní "ẹ̀gbọ́n télọ̀" torí ohun tí wọ́n sọ fún un nìyẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Fi pẹ́ńsù ya méjèèjì, kí o fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi íǹkì lé e. Bá mi kí Àǹtí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ