Ẹ wọn omi kànga kí ẹ tó ra sọ́fítíwìà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbàkigbà tí kànga bá ti ń gbẹ, ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́: kí ìjọba ra sọ́fítíwìà, kí wọ́n ṣe àwòṣe kọ̀ǹpútà, á sì sọ iye omi tó kù lábẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn, a ò ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwìà kọ́ ló wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni MODFLOW, tí USGS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí ilẹ̀, gbé jáde lọ́dún 1984. ModelMuse tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ sínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ náà ni. Òǹkà tí a ó kó sínú wọn ló wọ́n.

Ohun tí àwòṣe ń ṣe kò ju èyí lọ. Á pín ilẹ̀ sí ojú-ojú bí àwọ̀n, ìpele lórí ìpele, á wá ṣírò iye omi tó wọ ojú kọ̀ọ̀kan, iye tó jáde àti iye tó dúró. Òfin tó ń tẹ̀ lé ni èyí tí Henry Darcy, ẹnjiníà ará Faransé, kọ sílẹ̀ lọ́dún 1856: bí ojú omi bá ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó, tí ilẹ̀ sì ṣe gba omi láyè tó, bẹ́ẹ̀ ni omi á ṣe rìn tó.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Ká ní àwòṣe kan gbà pé mìlímítà 100 nínú òjò ọdún ló ń rì wọlẹ̀, pé ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń gba omi láyè jẹ́ mítà 5 lójúmọ́, àti pé lítà mílíọ̀nù kan ni pọ́ǹpù ń fà lójúmọ́. Ẹ wá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po méjì: mìlímítà 200, mítà 10, lítà mílíọ̀nù 2. Níwọ̀n ìgbà tí ojú omi ò bá ti lọ sókè sódò láti ọdún dé ọdún, ohun tí àwòṣe méjèèjì máa pè ní ojú omi kò ní fi sẹ̀ǹtímítà kan yàtọ̀. Àwọn méjèèjì á bá kànga mu rẹ́gí, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ń sọ pé omi tó ń wọlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “àwòṣe wa bá kànga mu”, ẹ bi í ní iye omi tó wọ̀n. Ẹ̀rọ tó ń ka omi lẹ́nu àwọn pọ́ǹpù ńlá ló ń tú àṣírí, àti odò tí a wọ̀n láàrin ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé omi abẹ́ ilẹ̀ nìkan ló ń bọ́ ọ.

Wíwọn ojú omi kànga pàápàá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà kun àmì kan sí etí páìpù, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀ nígbà gbogbo, kí pọ́ǹpù sì ti sinmi di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi fóònù wá gíga àmì náà, torí ó lè fi mítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣìnà. Bí ojú omi kànga méjì bá fi 40 sẹ̀ǹtímítà ju ara wọn lọ, àṣìṣe ìdajì mítà ti tó láti mú kí omi dà bí ẹni ń ṣàn padà sẹ́yìn lójú àwòṣe. Iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ nìyẹn.

Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń rì sínú kànga wúlò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló ń ka omi àti afẹ́fẹ́ tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ pọ̀. Tí agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ omi bá fi 20 hPa (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára náà) lọ sókè, ó máa dà bí ẹni pé omi fi nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà gbéra. Ẹ fi òmíràn kọ́ sínú afẹ́fẹ́, kí ẹ máa yọ tirẹ̀ kúrò. Kí ẹnì kan sì tún fi téèpù wọ̀n ọ́n lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, torí okùn tí sẹ́ńsọ̀ so mọ́ a máa fà.

Òǹkà kan tí wọ́n sábà máa ń méfò ni iye omi tí ilẹ̀ ń tú sílẹ̀ bí ojú omi bá wálẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ tó jẹ́ kìlómítà 5 lóòró, 2 níbùú, tí ojú omi rẹ̀ fi ìdajì mítà lọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ yanrìn tí amọ̀ ò bò, tó ń tú ìdá 10 nínú 100 sílẹ̀, lítà mílíọ̀nù 500 ló lọ. Bó bá jẹ́ pé amọ̀ tó ki ló bò ó, tí òǹkà náà jẹ́ 0.001, ìyẹn ìdá kan nínú 1,000, lítà mílíọ̀nù 5 péré ni. Kànga tí a ń fà nìkan kò lè sọ òǹkà yìí dáadáa. Ẹ fa omi ní ìwọ̀n kan náà fún wákàtí 24 sí 72, kí ẹ máa wọn ojú omi inú kànga mìíràn nítòsí.

Àwọn kan á ní sátẹ́láìtì ń rí gbogbo rẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì GRACE ṣiṣẹ́ láti 2002 sí 2017, GRACE-FO sì gbapò rẹ̀ lọ́dún 2018. Wọ́n ń fi agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra mọ bí omi ṣe ń pọ̀ tàbí dín kù, àmọ́ lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ni. Wọn ò lè rí kànga ìlú kan.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí aláṣẹ sọ pé bí òjò tó ń wọlẹ̀ bá ti pọ̀ tó, ìyẹn la lè fà. Omi yẹn ti ní ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀: ìsun, odò, àbàtà. Bí a bá fa gbogbo rẹ̀, àwọn ni yóò gbẹ, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú tó rí i. Iṣẹ́ àwòṣe gan-an nìyí: ká bi í pé bí a bá fa tó báyìí, odò wo ló máa san gbèsè, àti nígbà wo?

Kí àwọn aláṣẹ tó gba àwòṣe kan gbọ́, kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ọdún 3 tó kẹ́yìn pa mọ́ fún un, kí wọ́n wò ó bóyá ó máa mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n má sì fi òǹkà kan ṣoṣo ṣe òfin. Kí wọ́n kó gbogbo àwòṣe tó bá àkọsílẹ̀ mu jọ, kí wọ́n fi òjò tó dáa àti ọ̀dá dán wọn wò. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n yan kànga díẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ojú omi bá dé ibí, pọ́ǹpù báyìí-báyìí á dín omi tó ń fà kù. Kí wọ́n sì kọ ìyẹn kí ọ̀dá tó dé, torí bó bá ti dé tán, kò sẹ́ni tó máa gbà kí tirẹ̀ kọ́kọ́ dín kù.

Àwa òǹkàwé yín tó ń ṣiṣẹ́ omi abẹ́ ilẹ̀