Bàbá Ìyàwó, Ọkọ Ọmọ, àti Ilé-Iṣẹ́ Òwú Kan

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀. Àlàáfíà kó wà nílé oníkálukú wa.

Níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì tó kọjá, a dé Jákọ́bù 5:4, níbi tí owó àwọn alágbàṣe tí ọ̀gá kò san ti ń ké títí dé etí Olúwa. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá béèrè bóyá onígbàgbọ́ tòótọ́ tún lè máa ni ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ lára. Àwọn àgbà kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ìtàn ìlú kékeré kan ní Skọ́tílándì ló sọ sí mi lọ́kàn, mo sì ṣèlérí pé màá kọ ọ́ síbí.

New Lanark ni wọ́n ń pe ìlú náà. Odò Clyde ń já wálẹ̀ láti orí àpáta nítòsí ibẹ̀ bíi ti Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Agbára omi yìí ni oníṣòwò kan, David Dale, rí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-iṣẹ́ òwú síbẹ̀ ní 1785. Nígbà tó fi di 1786, omi ti ń yí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ń ran òwú tí àwọn ahunṣọ ibòmíràn ń rà.

Oníwàásù ni Dale. Kì í ṣe onígbàgbọ́ ọjọ́ ọdún o: ó wà lára àwọn tó dá ìjọ kan sílẹ̀ ní Glasgow, ó sì wàásù níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Glasgow ní 1791 láti fòpin sí òwò ẹrú, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Síbẹ̀, lára òwú tó ń wọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ẹrú ló ká a lókè òkun. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí wọ́n ti kó ẹrú.

Iṣẹ́ pọ̀, òṣìṣẹ́ kò tó. Ni Dale bá ń gba ọmọ òrukàn àti ọmọ aláìní láti Edinburgh àti Glasgow. Nígbà tó fi máa ta ilé-iṣẹ́ náà, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti tó nǹkan bí 500, òmíràn nínú wọn ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń wọṣẹ́, ó di aago méje alẹ́ kí wọ́n tó jáde, àkókò oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ tó kàn. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn: ó tọ́jú wọn ju bí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń tọ́jú tiwọn lọ. Wọ́n ń jẹun, ibi tí wọ́n ń sùn mọ́ tónítóní, ó gba olùkọ́ fún wọn, àlejò ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá yìn ín. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti dúró ti ẹ̀rọ láti ìdájí, kí ló kù tó fẹ́ kọ́ lálẹ́ yàtọ̀ sí oorun?

Ní 1799, Robert Owen, ọmọ ilẹ̀ Wales, fẹ́ Caroline ọmọ Dale. Lọ́dún yẹn kan náà, òun àtàwọn alájọṣe rẹ̀ ra ilé-iṣẹ́ náà ní £60,000, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í darí rẹ̀ ní January 1, 1800. Owen ò gba ẹ̀sìn kankan gbọ́. Ní 1817, ó dúró láàárín èrò ní London, ó ní àṣìṣe ni gbogbo ẹ̀sìn. Tó bá wá síjọ wa, ẹ mọ irú ojú tí àwọn kan máa fi wò ó.

Ẹni yìí ló ní kí wọ́n má gba ọmọ aláìní bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá má sì dé ìdí ẹ̀rọ. Ó dín wákàtí iṣẹ́ kù títí ó fi di mẹ́wàá àbọ̀ lóòjọ́. Ní 1816 ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè wọ̀, ó sì ka ẹgba léèwọ̀ níbẹ̀. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ojúlówó ọjà lówó pọ́ọ́kú, èrè rẹ̀ ló sì fi ń gbọ́ bùkátà ilé-ẹ̀kọ́. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ìgbà tí Amẹ́ríkà dá ọkọ̀ òkun wọn dúró, tí òwú sì gbówó lórí. Àwọn ọ̀gá mìíràn lé òṣìṣẹ́ lọ. Owen dá ẹ̀rọ dúró fún oṣù mẹ́rin, ó ní kí wọ́n kàn máa nù ún kó má dípẹtà, ó sì san owó gbogbo wọn pé. Ó ná an ní nǹkan bí £7,000.

Mi ò sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Igi aláwọ̀ mẹ́rin tó gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó ń fi han gbogbo ayé bóyá ó ṣe dáadáa lánàá, kò dùn mọ́ mi. Òwú tó sì ń lò, ọwọ́ ẹrú ló ṣì ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ títí di 1968. Ní 2001 UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé.

Ẹ ka Mátíù 21:28-31, nípa ọmọ tó ní òun ò lọ sóko, tó wá lọ, àti èyí tó ní “mo ń lọ, bàbá,” tí kò lọ. Lójú tèmi, Dale dé oko náà, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó wá jókòó sábẹ́ igi. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa jókòó sí nìyẹn.

Ìjẹ̀ṣà ni wá. Àwọn bàbá wa òṣómàálò gbé aṣọ òyìnbó kiri abúlé, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde. A mọ gbèsè gbà. Ọmọbìnrin tó ń bá wa fọ abọ́, tó ń kiri ọjà wa l'Átakúnmọ́sà nígbà tí ọmọ tiwa wà ní kíláàsì, kò lè lóṣòó dè wá. Olùkọ́ tí a gbà sí ilé-ẹ̀kọ́ wa tí a kì í sanwó fún nígbà ọlidé kò lè lóṣòó dè wá. Mo mọ̀ pé ọjà ò yá, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú wa ń fi gbèsè jẹun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí oṣù tó parí, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ máa san án.

Ìgbìmọ̀ ìjọ ti fọwọ́ sí i: láti Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kíláàsì ìwé kíkà máa wà ní gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé fún ọmọ ọ̀dọ̀ àti ọmọ iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin màmá àtẹ̀yin ọ̀gá, ẹ tú wọn sílẹ̀ kó tó di aago mẹ́ta, kí wọ́n lè wẹ̀, kí wọ́n sì jẹun kí wọ́n tó wá.