Igbó Ọba Ìsẹ̀ àti Àwọn Ìnàkí Tó Kù Síbẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìnàkí tó kù sí ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹranko orí òkè ní Nàìjíríà, Gashaka-Gumti ni gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ, ọgbà ìtọ́jú ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1991 ní ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa. Òkè Gangirwal, tí ó ga ju òkè yòókù lọ nílẹ̀ wa, tí ó sì lé ní 2,400 mítà, ń bẹ níbẹ̀. Koríko ló bo orí òkè, ṣùgbọ́n ní àfonífojì àti létí odò, igbó dídí ni, níbi tí ẹdun àti ìnàkí ń gbé. Àwọn ìnàkí náà a máa ṣẹ́ ẹ̀ka igi, wọn a já ewé ara rẹ̀ kúrò, wọn a tì í bọ inú ilé ìjàlọ, kí ìjàlọ lè gùn ún bọ̀ kí wọ́n sì kó o jẹ. (Ẹni tí ìjàlọ bá ti bù jẹ rí yóò mọ̀ pé ọgbọ́n ńlá nìyẹn.)

Irú ìnàkí yìí gan-an, tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi Nàìjíríà àti Kamẹrúùn, wà nínú igbó ọba Ìsẹ̀-Èkìtì. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ọdẹ wọ ibẹ̀ lè má fojú kàn wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè rí ibùsùn wọn lókè igi: ẹ̀ka tútù tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, tí ewé rẹ̀ ti ń rọ, nítorí alaalẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ tuntun. Igi ńlá ni wọ́n ń sùn lé; igi ńlá náà ni àwọn agégẹdú ń wá.

N kò bá àgbẹ̀ kòkó jà, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Àwọn tó ń buwọ́ lu ìwé àṣẹ igi gígé ni mo ń bá wí. Gashaka tóbi ju gbogbo ìpínlẹ̀ Èkìtì lọ, ìnàkí ibẹ̀ ṣì ríbi sá sí. Igbó Ìsẹ̀ kéré, oko ló sì yí i ká. Abo ìnàkí sì lè lo nǹkan bí ọdún márùn-ún kó tó tún bímọ, nítorí náà, èyí tí a bá pa kì í yára ní àrọ́pò.

Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa pé kí wọ́n dá ìwé àṣẹ wọ̀nyí dúró, kí wọ́n sì gba àwọn ọdẹ Ìsẹ̀ tó mọ ojú ọ̀nà igbó náà síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé tí ọkọ̀ gẹdú yóò tún ráyè wọlé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan láti Èmùré-Èkìtì