Ẹ má tíì gbé Benz bàbá yín fún onírin

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó jáde láìpẹ́ yìí, nínú èyí tó ti gba gbogbo ẹni tí ọkọ̀ Benz àtijọ́ bá ń jẹrà nínú ọgbà bàbá wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n pe àwọn onírin, kí wọ́n gba ìwọ̀nba owó tí wọ́n bá rí gbà, kí wọ́n sì fi ibẹ̀ gbin ewédú. N kò bá ewédú jà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìdí tó fi dá ìmọ̀ràn náà. Ó ní ọkọ̀ tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fọkàn tán mọ́, pé bí ènìyàn bá tún un ṣe lónìí, yóò tún dákú lọ́la. Èyí tí èmi rí yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí tí àtúnṣe wọn forí ṣánpọ́n, ọjọ́ orí kọ́ ló pa wọ́n. Bí wọ́n ṣe to ìnáwó ni, nítorí ohun tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n fi ṣáájú, tí owó sì ti tán kí wọ́n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an.

Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn ni Mercedes-Benz W124, tí gbogbo wa ń pè ní V-boot. Ìparí ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Jámánì, wọ́n sì ń ṣe onílẹ̀kùn mẹ́rin rẹ̀ títí di 1995. Lónìí, àìmọye wọn ló wà ní Bódìjà, ní Jẹ́ríkọ̀ àti ní Òkè-Àdó, lábẹ́ igi máńgòrò, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlẹ̀. 230E ọdún 1989 kan tó ti wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi ń wà láti Mọ́níyà lọ sí Dùgbẹ̀ lójoojúmọ́ báyìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ohun àtijọ́ lásán. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ sọ́jà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ tòkunbọ̀ kékeré tí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì lè fi owó àjọ rà tẹ́lẹ̀ ti kọjá agbára wọn. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ ló kù.

Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé páńẹ́lì-bítà ni àwọn ọmọ kọ́kọ́ máa ń pè. Wọ́n á fín ọ̀dà tuntun sí ọkọ̀ náà lára, wọ́n á pààrọ̀ awọ ìjókòó, wọ́n á ra rímù ńlá àti rédíò aláwòrán. Mo mọ ìdí rẹ̀, nítorí ohun tí ará àdúgbò ń rí nìyẹn, ó sì máa ń wu ọmọ kí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ máa dán. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń dán, tí bíréèkì rẹ̀ kò lè dá a dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mókọ́lá, ewu ni fún ẹni tó ń wà á àti fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Àwọn tí kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ páńẹ́lì-bítà, àṣìṣe mìíràn ni wọ́n máa ń ṣe: wọ́n á gbé bátìrì tuntun wá, wọ́n á da epo lé èyí tó ti wà nínú tánkì láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n á sì sítáàtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo ilé lè pàtẹ́wọ́. Epo bẹntiróòlù tó bá ti jókòó fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe epo mọ́. Òórùn rẹ̀ á yí padà, á máa rùn bí fáníìṣì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di gọ́ọ̀mù, omi tó kóra jọ sínú tánkì á sì ti sọ irin di ìpẹtà. Nínú V-boot tó ń lo ètò ìfọ́n-epo KE-Jetronic ti Bosch, bíi 230E àti 300E, pọ́ọ̀ǹpù ń ti epo náà pẹ̀lú agbára tó ju ìlọ́po márùn-ún ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lọ sínú ẹ̀rọ tó ń pín in fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, àwọn ihò inú ẹ̀rọ náà sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìpẹtà tí ojú kò lè rí fi lè dí wọn. Kábúrétọ̀ Benz 200 ti àtijọ́, mẹkáníìkì lè tú u, kó fi ẹnu fẹ́ ẹ, kó sì dá a padà. Ẹ̀rọ pínpín yìí kò gba irú eré bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì lè ju gbogbo ohun tí ènìyàn pète láti ná lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tan kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tánkì kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì pààrọ̀ asẹ́ epo tó wà lábẹ́ ọkọ̀ níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún, nínú ike tó bo òun àti pọ́ọ̀ǹpù mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi sípánà ńlá yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá yí láìhá, ìgbà náà ni kí wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí wọ́n fi tuntun sí i. Kí wọ́n sì ṣí ilé asẹ́ afẹ́fẹ́. Nínú tèmi, èkúté ti gé fóòmù abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ó ti kó o pọ̀ mọ́ ewé máńgòrò, ó sì ti tẹ́ ẹ dáadáa bí ẹni tó ń retí ìkómọjáde. Bí a bá ti sítáàtì ọkọ̀ náà láìwò ó, gbogbo rẹ̀ ni ì bá dí ojú afẹ́fẹ́.

Bíréèkì ló kàn, kì í ṣe páàdì bíréèkì nìkan. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Omi yìí ló ń mú kí ó tètè hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná, tí ẹsẹ̀ á sì rì wọlẹ̀ láìsí ìdáhùn. Òun náà ló ń jẹ irin inú kálípà títí tí yóò fi há. Rọ́bà tó gbé ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè dára lójú, kó sì ti wú nínú, tí ọ́ìlì á fi lọ, tí kò sì ní lè padà. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ ni pé, bí mo bá ti wa ọkọ̀ díẹ̀ láìtẹ bíréèkì púpọ̀, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì máa ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ rímù kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ni bíréèkì rẹ̀ kò tú. Táyà náà, ẹ má wo bí eyín rẹ̀ ṣe ga tó. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT ní ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é, oòrùn sì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára rẹ̀, yálà ó rìn tàbí kò rìn. Bákan náà ni búùṣì, ẹ́ńjìnnì síìtì àti rọ́bà roboto tó so ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ gíà: ọdún ló ń pa rọ́bà, kì í ṣe ìrìn nìkan.

Ibi tí inú ti máa ń bí mi jù ni ọ̀rọ̀ ìgbóná. Ó ti di àṣà lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa pé bí ọkọ̀ bá ti gbóná, thermostat, ohun kékeré tó ń darí omi ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì Benz wọ̀nyí, iṣẹ́ méjì ni ohun kékeré náà ń ṣe. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ó ń dí ọ̀nà rédíétọ̀, omi á máa gba ọ̀nà àbùjá kan yípo nínú ẹ́ńjìnnì kó lè tètè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó bá gbóná tán, ó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, ó sì ń fi ìdí rẹ̀ dí ọ̀nà àbùjá yẹn. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà méjèèjì á wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ̀rọ tó ń ka ìgbóná á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á máa rọ epo sí i. Ní ọ̀sán gangan, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, apá kan omi á máa gba ọ̀nà àbùjá lọ láìdé rédíétọ̀ rárá. Mẹkáníìkì tó yọ ọ́ á tún wá sọ pé Benz ń jẹ epo, ó sì ń gbóná! Omi ẹ̀rọ lásán tí wọ́n ń bù sí i náà kò dára, nítorí alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì náà, irú omi bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹ ẹ́. Coolant tí a fi omi mímọ́ lú ló yẹ ẹ́. Rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, ike ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì àti ọrùn tí ọ́ọ̀sì òkè wọ̀ sí. Ike yìí máa ń gbẹ bó bá pẹ́, á sì kán lójijì lójú ọ̀nà. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n ti fi í síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ náà jáde ní àdúgbò.

Ti iná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tí V-boot rẹ̀ bá jẹ́ ti nǹkan bí 1992 sí 1995, kí ó yẹ wáyà ẹ́ńjìnnì wò, nítorí awọ ara wáyà ìgbà náà máa ń rún bí ìgbóná bá ti ń bá a jà, wáyà á sì máa kan ara wọn. Ní ti àwọn tó ṣáájú wọn, ríléè kékeré kan wà lẹ́yìn bátìrì tí fíúsì wà lórí rẹ̀, èyí tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀rọ iná lọ́wọ́ agbára tó bá pọ̀ jù. Bí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi lẹ irin inú rẹ̀ pọ̀ bá ti sán, iná ABS, ti bíréèkì, á tàn sílẹ̀ níwájú awakọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbọ̀n nígbà tó bá dúró. Mo mọ ẹni tí rewáyà gé wáyà rẹ̀ kiri, tó sì gba owó rẹ̀ léraléra, nítorí ríléè tí ó lè fọwọ́ yọ.

Ẹ lè bi mí pé níbo ni a ti máa rí ẹ̀yà ọkọ̀ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó wà ní Gate níbí, ó sì pọ̀ ní Ládípọ̀ ní Mushin, àti tuntun àti Bẹ́ljọ̀mù. Ìṣòro ibẹ̀ ni ayédèrú. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fi rajà, ẹ má fi ojú rà á. Ara gbogbo ẹ̀yà Benz ni lẹ́tà A wà pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́wàá, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì ń sọ ilé tó ti wá: 124 fún ara ọkọ̀ yìí, 102 fún ẹ́ńjìnnì 230E, 201 sì wà níbẹ̀ púpọ̀ nítorí àwọn ẹ̀yà kan tí Benz 190 kọ́kọ́ lò. Ọlọ́jà tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Á fi àtàǹpàkò nu gíríìsì orí irin náà, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ kà á. Èyí tó bá ní kí ẹ fi òun lọ́kàn balẹ̀, pé bákan náà ni gbogbo wọn, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ da nọ́ńbà ṣásíìsì kọ. Ti 230E máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WDB124023, òun ló ń jẹ́ kí ọlọ́jà mọ ọkọ̀ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an.

Mo gbà pẹ̀lú òǹkàwé yín pé kì í ṣe gbogbo wọn ló yẹ kí a jí dìde. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ibi tí a ń ti jáàkì bọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, tàbí tí wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i tí wọ́n sì ti gé wáyà dànù, kí onírin máa gbé e lọ. Bí ìwé ọkọ̀ bá sì ti sọnù tàbí tó ṣì wà lórúkọ olóògbé, ẹ kọ́kọ́ yanjú rẹ̀. Ìbánigbófò ẹni-kẹta nìkan ti di 15,000 náírà fún ọkọ̀ àdáni láti oṣù Kìíní ọdún 2023, kò sì sí ìdí tí ẹ ó fi máa sanwó lórí ọkọ̀ tí ẹ kò lè fi hàn pé ó jẹ́ tiyín.

Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo èyí, kó má gbé e lọ sí Èkó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kó máa wà á lọ sọ́jà àti sí ibi iṣẹ́, kó máa wo ilẹ̀ ibi tó gbé e sí ní àràárọ̀ bóyá ọ́ìlì tàbí omi ń kán, kó sì máa kọ ohun tó bá pààrọ̀ àti ọjọ́ tó pààrọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀dà lè wá tẹ̀ lé e bí owó bá ṣẹ́kù. Ní ti epo, n kò ní tan ẹnikẹ́ni: 230E tí ara rẹ̀ dá pé yóò ṣì jẹ epo ju Corolla kékeré lọ, tánkì rẹ̀ sì ń gba 70 lítà, èyí tí kì í ṣe owó kékeré mọ́. Ẹni tó ń rin Ìbàdàn sí Èkó lójoojúmọ́, kó wá ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò bá ju inú ìlú àti ìrìn-àjò òpin ọ̀sẹ̀ lọ, kó ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú iye tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń jẹ́ báyìí kó tó dáhùn nígbà tí onírin bá kan ilẹ̀kùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.