Jíìpù ga, abẹ́ ẹ̀ ò ga

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde torí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, owó àwọn èèyàn ló ń bọ́ sómi. Àwa tá a ní jíìpù fọ wíìlì tá a sì fẹ́ràn ká wọ igbó lọ, ohun tó gbòde báyìí ni pé kí mẹkáníìkì bá wa gbé mọ́tò sókè. Èmi náà ṣe é. Wọ́n ki irin sí sípíríǹgì Hilux mi níwájú lẹ́yìn, ó fi ínṣì méjì gbáko ga sí i, inú mi dùn.

Ó wá di ọjọ́ tá a gba Ìgbẹ́tì lọ wo ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, wọ́n ti dáná sun koríko, kùkùté igi kan wá wà láàárín ọ̀nà tí ò tiẹ̀ dé agbede ojúgun mi, mo ní a ti ga kọjá ìyẹn, mo wa mọ́tò gorí ẹ̀, gbàà! Ó há. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ẹ̀, ikùn difrẹ́ńṣà ẹ̀yìn, irin rogodo tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún wíìlì ẹ̀yìn méjèèjì, ló gùn lé kùkùté, ọ́ìlì dúdú ń kán tó, tó, tó sórí eérú.

Ohun tí mẹkáníìkì yẹn ò sọ fún mi rèé o. Ikùn rogodo yẹn ló sún mọ́lẹ̀ jù lábẹ́ mọ́tò, ara ọ̀pá tó ti wíìlì kan dé ìkejì ló sì wà, sípíríǹgì ló jókòó lé ọ̀pá yẹn, ọ̀pá náà jókòó lé táyà. Tẹ́ ẹ bá ki irin ínṣì mẹ́wàá sí sípíríǹgì, bọ́dì àti ṣáṣí, irin tó gbé bọ́dì, ló máa lọ sókè, ikùn yẹn ò ní kúrò níbi tó wà. Táyà tó tóbi nìkan ló lè gbé e, ìdajì ohun tó fi tóbi náà lẹ máa rí. Mo ti kúrò lórí táyà tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 265/65R17 bọ́ sórí 265/70R17, táyà fi nǹkan bíi mílímítà 26 ga ju ti tẹ́lẹ̀, abẹ́ difrẹ́ńṣà wá fi mílímítà 13 péré ga sí i ju ti tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lo 285/70R17 ẹ máa rí bíi 27, àmọ́ ó lè máa ha fẹ́ńdà tẹ́ ẹ bá gé kọ́nà, míítà náà á máa parọ́, eré yín á ju ohun tó ń kọ lọ.

Mi ò ní gbígbé mọ́tò sókè ò wúlò rárá o, difrẹ́ńṣà iwájú Hilux ṣáṣí ló so mọ́, ìyẹn máa bá a gòkè, bọ́ńpà náà ò ní máa gbá ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀ jù, ọ̀pá tó ń yí wíìlì iwájú á wọ́, rọ́bà ẹ̀ á ya, mọ́tò á sì máa fì ní kọ́nà bí ìgbà tó fẹ́ dà nù.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi tépù wọn ibi tó sún mọ́lẹ̀ jù. Sípíà táyà tó so sábẹ́ ẹ̀yìn, ẹ tú u sínú bọ́ọ̀tù, ọ̀fẹ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì bá kùkùté tàbí òkúta lọ́nà, ẹ má ṣe fi í sáàárín wíìlì bí mo ṣe ṣe, ẹ rọra gbé táyà gùn ún, ikùn yẹn á bá táyà gòkè.

Ẹ ṣé o.
Èmi òǹkàwé yín, Ìbàdàn.