Lẹ́tà sí Àkànní, lórí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ àti gìgísẹ̀ mi

Òkè-Fìà,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Paris. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kà á kí n tó dìde lórí ìjókòó. Inú mi dùn sí gbogbo ohun tí o kọ nípa Lisses, pé o fi ẹsẹ̀ ara rẹ tẹ ìlú tí David Belle àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi parkour, eré fífò àti gígun ògiri tiwa yìí, ṣeré kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì tí o kọ bí ohun tí kò jẹ́ nǹkan kan, òun ni ó sì gbé kálámù lé mi lọ́wọ́ ní òru yìí. O ní ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí ògiri kúkúrú kan, pé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ni o fi gbá ilẹ̀, pé ọrùn ọwọ́ rẹ wú díẹ̀, pé wọ́n ya X-ray ní ọjọ́ kejì, wọn kò sì rí nǹkan kan, àti pé o fẹ́ padà sí ìdánrawò ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. O wá fi kún un pé ibi kan ṣoṣo ni ó ṣì ń dùn ọ́, ní ìdí àtàǹpàkò, nígbà tí o bá fẹ́ ṣí ìdérí ìgò.

Àkànní, jọ̀wọ́ má tíì padà.

Na àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ sókè dáadáa bí o ti ń ka ìwé yìí. Ìwọ yóò rí i pé iṣan yọ ní ọ̀tún àti òsì ìdí rẹ̀, kòtò kékeré kan sì wà láàárín. Fi ìka tẹ inú kòtò náà, kí o sì tẹ ti ọwọ́ kejì wò pẹ̀lú. Bí ti ọ̀tún bá dùn ọ́ ju ti òsì lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí ó kàn rọ́ ni a ń sọ mọ́. Mo mú lẹ́tà rẹ tọ ọkùnrin físíò, ẹni tí ń fi ìdárayá wo ara sàn, tí ó tọ́jú ẹsẹ̀ mi lọ ní àná, ibẹ̀ ni ó sì ti nawọ́ sí ìdí àtàǹpàkò tirẹ̀ kí n tó ka ìpínrọ̀ náà tán. Eegun kan wà ní abẹ́ kòtò yẹn tí wọ́n ń pè ní scaphoid. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju kóró kajú lọ, ó sì tẹ̀ bíi tirẹ̀. Nínú gbogbo eegun wẹ́wẹ́ tí ó wà ní ọrùn ọwọ́, òun ni ó máa ń ṣẹ́ jù nígbà tí ènìyàn bá na ọwọ́ gba ilẹ̀, ibi tí ó sì ti sán lè fara pamọ́ fún X-ray ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí ẹni tí kòtò náà bá ń dùn padà wá ya òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14, tàbí kí ó lọ ṣe MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mágnẹ́ẹ̀tì yà, kí wọ́n sì ti fi nǹkan di ọwọ́ náà kí ó má lè yí títí èsì yóò fi jáde.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ eegun yìí le ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé inú rẹ̀. Láti ìhà ìka ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wọlé, tí yóò wá padà sẹ́yìn sí ìhà apá. Bí eegun náà bá ṣẹ́ ní àárín, tí a kò sì tọ́jú rẹ̀, apá ẹ̀yìn lè má rí ẹ̀jẹ̀ mu mọ́, kí ó sì kú sínú ọwọ́ ẹni, tàbí kí ojú ibẹ̀ má so pọ̀ láéláé. Ọwọ́ náà yóò ṣì máa gbé ṣíbí, yóò máa kọ̀wé, ṣùgbọ́n ní ọdún díẹ̀ sí i oríkèé rẹ̀ yóò ti jẹ, kò sì ní gba ìwúwo ara rẹ lórí ògiri kankan. Mo gbọ́ lẹ́nu àbúrò rẹ pé o ti ń mu sìgá níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà ni ọ́, ṣùgbọ́n sìgá máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí eegun kù, eegun tí ẹ̀jẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀ ni a sì ń wí yìí.

O lè máa rò pé ẹ̀rù ń bà mí ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ní ìdí. Nígbà tí gìgísẹ̀ mi fọ́ ní oṣù keje ọdún tí ó kọjá, mo sọ fún ọ lórí fóònù pé ọ̀kadà ni ó gbé mi ṣubú. Irọ́ ni, mo sì tọrọ àforíjì. Ohun kan náà ni mo sọ fún màmá mi, tí ó fi jẹ́ pé ọlọ́kadà tí kò sí níbi kankan ni ó ń gba èpè ní ilé wa títí di oṣù kẹwàá. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ òtítọ́, nítorí pé ibi tí mo ti bọ́ kò ga rárá.

O rántí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọn kò kọ́ parí ní Òkè-Baálẹ̀. Ibi tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ti yà kò ga ju mítà méjì àti ààbọ̀ lọ, àwa méjèèjì sì ti fò níbẹ̀ bọ́ sínú yanrìn ní àìmọye ìgbà. Ní ọjọ́ Sátidé náà, mo ti ń fò láti aago mẹ́rin títí oòrùn fi ń wọ̀; itan mi ti ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé ó ń gbọ̀n. Mo ti ní ó tó, nígbà tí ọmọkùnrin kan tí ó ń fi fóònù yà mí wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i,” nítorí pé fídíò tí ó kọ́kọ́ yà kò mọ́lẹ̀. Mo gòkè padà. N kò wo ilẹ̀. Àwọn bíríkìlà ti kó ọ̀pọ̀ nínú yanrìn náà lọ fi rẹ́ ògiri ní àárọ̀, ìwọ̀nba tí ó kù kàn bo àfọ́kù búlọ́ọ̀kù mọ́lẹ̀ ni. Iwájú ẹsẹ̀ ni ó yẹ kí n fi balẹ̀, kí orúnkún tẹ̀, kí n sì yí láti èjìká kan lọ sí ìbàdí kejì bí a ti kọ́ ara wa, kí agbára ìbọ́ náà lè pín káàkiri ara. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó ti rẹ̀ kì í tètè tẹ̀. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ni ó kọ́kọ́ kan etí búlọ́ọ̀kù, ẹsẹ̀ náà sì nà gbọnrangandan. Mo gbọ́ ìró kan, inú ara mi ni mo sì ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ní etí.

Kí o wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀. Mo dìde. Mo rẹ́rìn-ín sí fóònù ọmọ náà. Mo fi ìka ẹsẹ̀ rìn dé ojú títì, mo gun ọ̀kadà dé ilé (ibẹ̀ ni irọ́ náà ti sọ sí mi lọ́kàn), mo fi Aboniki pa á, mo sì fi bándéèjì wé e. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí mò ń sọ fún ara mi pé ó kàn rọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ti ń sọ báyìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti dúdú láti gìgísẹ̀ dé àárín bí ẹni pé mo ti ẹsẹ̀ bọ ìkòkò aró. Ọmọ Òṣogbo sì ni wá, a mọ àwọ̀ aró bí a bá rí i. Dókítà kò tíì ya àwòrán kankan tí ó fi sọ pé eegun gìgísẹ̀ ni. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ó ní kí n dojúbolẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ìdí. Mo rò pé kò gbọ́ ohun tí mo wí ni. Ó ṣàlàyé pé agbára tí ó bá fọ́ gìgísẹ̀ ẹni tí ó bọ́ láti òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró sí gìgísẹ̀. Ó máa ń gba inú ẹsẹ̀ gòkè, ó sì lè fọ́ eegun ẹ̀yìn ní ìsàlẹ̀ láì jẹ́ pé ẹni náà fura, nítorí pé ìrora ẹsẹ̀ ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ẹ̀yìn mi kò fọ́, mo dúpẹ́. Bí ó bá ti fọ́ ni, ọ̀kadà tí mo gùn lọ sílé yẹn lè ti sọ mí di arọ. Dókítà wá bi mí bóyá ọ̀kadà ti ń gbé ènìyàn fò sókè ní Òṣogbo. N kò dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi dé láti Ìkìrun ní ọjọ́ kejì, ó ní kí a yéé fi àkókò ṣòfò, kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń to eegun. O mọ̀ pé n kì í fi ojú tín-ín-rín wo àwọn àgbà wọ̀nyí. Wọ́n ti to ọ̀pọ̀ apá tí ó ṣẹ́ tí ó sì tọ́, yálà wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ mọ́ ọn tàbí wọn kò ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọdékùnrin kan wà ní ibùsùn tí ó tẹ̀lé tèmi ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ti fi ọparun àti aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ níbì kan kí wọ́n tó gbé e wá. Wọ́n dì í le jù. Ọmọ náà ké fún ọjọ́ méjì pé ó ń ro òun, wọ́n ní kí ó ṣe bí ọkùnrin. Nígbà tí ó dákẹ́, wọ́n rò pé ara ti ń tù ú. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ibẹ̀ mọ́ ni ó pa á lẹ́nu mọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún. POP, ìdè funfun líle tí wọ́n ń fi di eegun ní ọsibítù, pàápàá lè fún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ara bá ń wú sí i nínú rẹ̀, nítorí náà, bí wọ́n bá di ọwọ́ rẹ, tí ìka rẹ wá tutù, tí ó kú tipiri, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí o ti lo oògùn, má ṣe dúró di àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi rí ọmọ náà. Kò tún dárúkọ adìẹ mọ́.

Eegun tèmi kò yẹ̀ púpọ̀, nítorí náà wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo lo ọ̀sẹ̀ 6 nínú POP, ọ̀sẹ̀ 10 sì pé kí wọ́n tó gbà mí láyè láti fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀. Ti yíyún abẹ́ POP àti ti owó, jẹ́ kí a fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, mo rò pé ó ti parí, àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀: ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi ti gbẹ bíi ti arúgbó, oríkèé tí ó wà ní abẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, èyí tí ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lè dà sí ọ̀tún tàbí òsì lórí òkúta, sì ti gan. Lórí títì mo ń rìn dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá yà sí ọ̀nà tí ó ní gọ́tà àti pàlàpálá, n óò dúró bí ẹni tí ó ń wá owó tí ó sọ nù. Ọkùnrin físíò náà ní kí n máa fi ìka ẹsẹ̀ ká aṣọ ìnura nílẹ̀, kí n máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan nígbà tí mo bá ń fọ eyín, kí n sì máa gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, lẹ́yìn náà ẹyọ kan. Ó ní kí n má ṣe dárúkọ fífò fún òun títí n óò fi lè dìde lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ní ìgbà 25 láì di nǹkan mú. Oṣù kẹta ọdún yìí ni mo tó lè ṣe é.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ti ẹ̀rù. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbà fún mi, mo gun orí ògiri búlọ́ọ̀kù méjì, tí gbogbo rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, ní ẹ̀yìn ilé wa. Mo mọ̀ pé eegun mi ti san. Mo tẹ orúnkún láti fò, ara mi kọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ọmọ aládùúgbò kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà gun orí ògiri náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fò sílẹ̀, ó sì ń wò mí láti mọ̀ bóyá eré tuntun ni. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo fi sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni mo lò kí ara mi tó gbà, n kò sì bínú sí i mọ́, nítorí òun rántí búlọ́ọ̀kù Òkè-Baálẹ̀ nígbà tí èmi fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Báyìí, mo máa ń fi ọwọ́ tú yanrìn wò kí n tó gòkè, bí itan mi bá sì gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, mo ti wọ bàtà mi nìyẹn. N kì í jẹ́ kí wọ́n yà mí mọ́. Àwọn ọmọkùnrin yòókù ní mo ti di bàbá.

Ìwọ ni o kọ́ mi ní gbólóhùn Faransé tí àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ eré yìí máa ń sọ, Être et durer, kí a wà, kí a sì pẹ́. Ìwọ náà ni o sọ fún mi pé iṣẹ́ panápaná ni Raymond, bàbá David Belle, ṣe ní Paris níbẹ̀, àti pé lára bàbá yìí ni ọmọ ti kọ́ pé kí ara lè wúlò ní ọjọ́ wàhálà ni a ṣe ń kọ́ ọ. Àjákù ìwé tí o fi kọ ọ́ fún mi ṣì wà lára ògiri yàrá mi. Mo ń wò ó bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó sì ń ya mí lẹ́nu pé èmi ni n óò máa kà á padà sí ọ létí.

Nítorí náà, padà lọ ní ọjọ́ Ajé. Má ṣe sọ fún wọn pé ọwọ́ ń dùn ọ́ lásán. Sọ pé ìdí àtàǹpàkò ni, pé àtẹ́lẹwọ́ ni o fi gbá ilẹ̀, kí o sì bi wọ́n nípa scaphoid. Bí ó bá ṣẹ́ lóòótọ́, POP lè wà lọ́wọ́ rẹ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, tàbí kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi skúrù kékeré kan so ó pọ̀. Fi ẹ̀rọ fóònù ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ tí èsì bá jáde, má ṣe dúró de lẹ́tà.

Ti ilé, a dúpẹ́. Ọdún Ọ̀ṣun tí ó kọjá lọ yìí, mo tẹ̀lé èrò Arugbá láti ààfin dé inú igbó Ọ̀ṣun, mo fi ẹsẹ̀ mi tẹ gbogbo gbòǹgbò ibẹ̀, n kò tiro. Lórí ìrìn yẹn ni mo ti sọ òtítọ́ fún màmá mi. Kò bá mi jà. Ó kàn dákẹ́ títí a fi dé etí odò, ó wá ní kí n kọ̀wé sí ọ, kí n bi ọ́ bóyá ọ̀kadà wà ní Paris.

Èmi ni tìrẹ ní tòótọ́,
Àjàní.